Firmin Escoubès, Ará Ilé Lahitau: Ẹnì Kan, Orúkọ Méjì

Ẹbí Lahitau ti Arribès àti ẹbí Escoubès ti Aulère dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ láti bá wa sin Bàbá wa. Ìtàn wọn nìyí, bí a ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn àti bí ó ti ṣojú wa.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 1938 ni a bí olóògbé Firmin Escoubès ní abúlé Aulère, lókè àfonífojì Aspe ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, níbi tí oòrùn kì í ti í yọjú kí aago mẹ́wàá tó lù nígbà òtútù. Bàbá wọn ni Jean-Baptiste Escoubès, olùṣọ́-àgùntàn tí ń ṣe wàràkàṣì. Ìyá wọn ni Noélie, ọmọ ẹni tí ń gbẹ́ bàtà onígi. Olóògbé ni ọmọ kẹrin nínú ọmọ méje.

Ní ilẹ̀ Béarn, agbègbè wa yìí, àkọ́bí ni àrólé. Òun ló ni ilé, òun ló ni ilẹ̀ àti agbo àgùntàn. Àwọn tó kù a gba ìbùkún, wọn a sì wá ọ̀nà tiwọn lọ. Ambroise ni àrólé Escoubès. Ìyá wọn kò fi èyí pamọ́ fún àwọn tó kù. Bí wọ́n bá ti ń bu ọbẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ ọ́ pé, “Ilé kan, ọmọ méje. Ẹni tó bá fẹ́ ilé kejì, kó lọ fẹ́ ọmọ tó ni ín.”

Olóògbé bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní ọdún 1944. Kìlómítà mẹ́rin ni àlọ, mẹ́rin ni àbọ̀, nínú bàtà onígi tí a fi koríko gbígbẹ há. Olùkọ́ ní igi kékeré kan tí ó máa ń fi kọ́ ọmọ lọ́rùn bí ọmọ bá sọ èdè ilé dípò Faransé. Ẹni tí igi náà bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí ni yóò gbá kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni Bàbá gbé igi náà kọ́ ní ìgbà òtútù ọdún 1947 nìkan. Wọn kì í ṣe aláìgbọràn. Ìbéèrè ló máa ń yọ lẹ́nu wọn kí wọ́n tó rántí túmọ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n rántí jù ni pé, “Kí ló dé tí yìnyín fi máa ń kọ́kọ́ yọ́ nídìí igi?” Igi ni wọ́n gbà lọ́jọ́ náà. Títí wọ́n fi dàgbà ni wọ́n ń sọ pé kò dun àwọn pé àwọn gbá kíláàsì. Ohun tó dun àwọn ni pé olùkọ́ náà fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ láìwádìí ọ̀rọ̀ yìnyín.

Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ní oṣù kẹfà ọdún 1952. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, bàbá wọn fi ọ̀pá darandaran lé wọn lọ́wọ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àgùntàn a máa jẹ lórí òkè. Bí òtútù bá dé, olùṣọ́ a kó wọn sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹ̀bá àwọn ọgbà àjàrà, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù kọkànlá ọdún 1953 ni Bàbá kọ́kọ́ dé ilé Lahitau ní Arribès pẹ̀lú àádóje àgùntàn. Àjàrà ilẹ̀ wa ga ju ènìyàn lọ, nítorí náà àgùntàn lè jẹ koríko ìdí rẹ̀ láìfẹnu kan ọ̀mùnú. Ìyá Zélie, obìnrin tó ni ilé náà, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ka àgùntàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wí fún Bàbá pé, “Bí ewé kan bá ṣẹ́, ìwọ ni màá so mọ́ ibẹ̀.” Graciette, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló gbé ọbẹ̀ kábéèjì àti ẹ̀wà fún àlejò. Bàbá sùn sórí koríko gbígbẹ ní àjà. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń sùn níbẹ̀ lọ́dọọdún.

Oṣù kejì ọdún 1956 ni òtútù ńlá jà. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni omi kò fi yọ́ nínú kànga. Igi àjàrà ń là, ó ń dún bí ìbọn. Ọjọ́ kejì oṣù kẹta ni ọkọ Ìyá Zélie kú, àyà ló pa á. Ọgọ́rùn-ún mẹ́sàn-án igi àjàrà ló kú pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, bá wọn hú òkú igi.

Wọ́n bi Ìyá Zélie pé, “Màmá, kí ló dé tí èyí fi kú, tí èkejì rẹ̀ kò kú, tí ó sì jẹ́ pé ìlà kan náà ni a gbìn wọ́n sí?”

“Lọ bi Ọlọ́run.”

Bàbá kò bi Ọlọ́run. Wọ́n gbẹ́ ìdí igi méjì wò, òkú kan, alààyè kan. Wọ́n rí i pé gbòǹgbò alààyè ti wọlẹ̀ jìn gan-an, àti pé ti òkú tẹ́ pẹrẹsẹ sókè níbi tí wọ́n máa ń da ajílẹ̀ sí. Wọ́n wá sọ fún Ìyá Zélie. Ìyá Zélie ní, “Ta ló rán ọ?” Ṣùgbọ́n láti ọdún náà, Ìyá Zélie kò da ajílẹ̀ sí ìdí igi mọ́.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 1958 ni wọ́n ti wà nínú iṣẹ́ ológun ní Algeria, oṣù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa, a kò sì bi wọ́n.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 1962 ni olóògbé fẹ́ Graciette, ìyá wa, ní ṣọ́ọ̀ṣì Arribès. Wọ́n gbé àpótí kan wọ ilé Lahitau, wọ́n sì kúrò ní àjà wá sí yàrá.

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní Béarn, a máa ń wo ilé kí a tó pe àgbàlagbà pàápàá. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú ilé, orúkọ ilé ni yóò máa jẹ́. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó náà, búrẹ́dì Bàbá, lẹ́tà Bàbá, ìjókòó Bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti Firmin Lahitau ni. Ìyá Zélie fúnra wọn, Peyrounat ni wọ́n ń jẹ́ nínú ìwé ìjọba, orúkọ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi agbowó-orí. Lahitau ni gbogbo ayé ń pè wọ́n.

Ẹnì kan ṣoṣo ní Arribès ni kò pe Bàbá ní Lahitau. Ìyá Zélie ni. Orúkọ tí wọ́n fún ọkọ ọmọ wọn ni Àtọ̀húnrìnwá.

“Àtọ̀húnrìnwá, ọbẹ̀ ti jinná.”

“Mo ń bọ̀, Màmá.”

A bí Maylis ní ọdún 1964, a sì bí Régis ní ọdún 1967. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, Ìyá Zélie fi aáyù ra ètè ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kán wáìnì aládídùn ilé wa sí i kí ọmọ tó mu ọmú. Bàbá bèèrè ìdí tí aáyù fi ṣáájú. Ìyá Zélie ní kí wọ́n jókòó.

Irú àjàrà funfun méjì ló wà ní Lahitau: ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, tí èèpo rẹ̀ nípọn, àti ọlọ́mọ ńlá. Ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ni a ń fi sílẹ̀ lórí igi títí di oṣù kọkànlá, nígbà mìíràn títí di oṣù kejìlá, kí afẹ́fẹ́ gúúsù tó ń ti ìhà Spéìn sọ̀kalẹ̀ lè fa omi inú rẹ̀ tán, kí adùn nìkan kù. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ó ń rí bẹ́ẹ̀. Bàbá fẹ́ mọ bí ó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀. Àìsùn ni oṣù kọkànlá jẹ́ fún gbogbo àgbẹ̀, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá yí padà tí òjò dé, ọjọ́ mẹ́ta ti tó kí èso ọdún kan jẹrà. Bàbá wá mú aṣọ ìnujú kan, wọ́n rì í sínú omi, wọ́n sá a sórí wáyà láàárín àjàrà, wọ́n sì fi aago ilé ìdáná ka ìṣẹ́jú tí yóò fi gbẹ. Bí ó bá gbẹ kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, wọn a fi èso sílẹ̀. Bí ó bá ju wákàtí kan lọ, wọn a ké sí àwọn akórè.

Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín. Wọn a dúró lójú ọ̀nà, wọn a kígbe pé, “Lahitau o, ṣé o ò ní áyọ́ọ̀nù ni?” Ìyá Zélie ní àwọn kò mọ̀ pé alágbàfọ̀ ni ọmọ àwọn fẹ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1975, ilé mẹ́rin ní òkè Arribès ló ń sá aṣọ ìnujú sínú ọgbà.

Ìsàlẹ̀ ọgbà wa wà lẹ́bàá odò. Ọlọ́mọ ńlá ló wà níbẹ̀, ìkùukùu kì í sì í jẹ́ kí ó gbẹ. Ọdọọdún ló ń jẹrà. Ní ọdún 1968, Bàbá kórè rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, kí ìkùukùu tó dé, wọ́n sì jẹ́ kí ó hó títí ṣúgà inú rẹ̀ fi tán pátápátá. Wáìnì tuntun nìyẹn nínú ilé tó jẹ́ pé aládídùn nìkan ló ti ń ṣe láti ìrandíran. Wọ́n gbé ife kan lọ bá Ìyá Zélie.

“Kí nìyí?”

“Wáìnì tí kò dùn ni, Màmá.”

“Ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́.” Wọn kò gba ife náà. “Ta ni yóò fi èyí ra ètè ọmọ? Orúkọ ilé yìí kò ní sí lára ọtí kíkan, níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè.”

Graciette ló rí ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n ní, “Bàbá Maylis, ẹ̀yin náà ṣáà lórúkọ tí ìyá yín bí yín mọ́.” Bàyìí ni aládídùn fi ń jáde pẹ̀lú Lahitau lára ìgò rẹ̀, tí èkejì sì ń jáde pẹ̀lú Escoubès. Ọdún mọ́kànlélógún ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jìnnà rò pé ọgbà méjì ni. Oníṣòwò kan láti Bayonne tọ́ méjèèjì wò ní ọdún 1974, ó sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí Bàbá pé, “Ọ̀gá Lahitau, ẹ má bínú o, Escoubès aládùúgbò yín yìí mọ iṣẹ́ jù yín lọ.”

Bàbá ní, “Màá jíṣẹ́ fún un.”

Ní ọdún 1971, ọkùnrin kan gbé oògùn apakoríko wá sí Arribès. Bí a bá fín in lẹ́ẹ̀kan, a ó ju ọkọ́ nù. Ọ̀pọ̀ ilé rà á. Bàbá bi í pé, “Bí mo bá fín in lónìí, ṣé àgùntàn lè jẹ níbẹ̀ lọ́la?”

“Rárá o.”

“Lọ́túnla ńkọ́?”

“Ọ̀gá, kí ni àgùntàn ń wá nínú ọgbà àjàrà?”

Ambroise, ẹ̀gbọ́n Bàbá, ṣì ń kó agbo Escoubès sọ̀kalẹ̀ wá jẹ ní Lahitau ní gbogbo ìgbà òtútù. Bí koríko wa bá kú, agbo náà kò ní ibòmíràn. Nítorí náà Bàbá kò ra oògùn náà. Kò sí ọgbọ́n mìíràn níbẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ni ìwádìí tẹ̀ lé e: wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ tiwa, wọ́n tọrọ àyè gbẹ́ ilẹ̀ aládùúgbò, wọ́n ka ekòló inú rẹ̀. Wọ́n se ewé èsìsì, wọ́n fi omi rẹ̀ wọ́n ewé àjàrà. Ní ìgbà tó yá, kò sí oògùn ilé ìtajà kankan ní Lahitau mọ́, àfi bàbà àti imí ọjọ́ díẹ̀ tí òfin fàyè gbà.

Nígbà tí ìjọba gbé ìwé ẹ̀rí àgbẹ̀ aláìlóògùn jáde, Bàbá fẹ́ gbà á fún ọgbà náà. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 1987, lórí tábìlì ìdáná, Bàbá kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Níbi tí a ti kọ “Orúkọ àgbẹ̀”, wọ́n kọ Firmin Lahitau. Graciette kà á, wọ́n ní ó dára. Maylis kà á, ó fi sínú àpòòwé. Nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nílé, kò sí ẹni tó rí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Ọdún mẹ́ta náà le. Ní ọdún 1987, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún nínú oṣù kẹfà, àrùn ewé sì jẹ ju ìdajì lọ. Àgbá mọ́kànlá la rí kún dípò mẹ́rìnlélógún. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 1988, yìnyín já lulẹ̀ fún ìṣẹ́jú méje. Maylis fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìtajà bàtà ní Pau láti wá roko. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1989, Graciette yọ̀ ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn kán, ó sì jinná ní wíwọ́. Àwọn aládùúgbò ní kí Bàbá fín oògùn lẹ́ẹ̀kan péré, ta ni yóò mọ̀? Bàbá ní àwọn ni yóò mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1989, ni aṣàyẹ̀wò ìkẹyìn dé. Afẹ́fẹ́ gúúsù ń fẹ́. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni aṣọ ìnujú fi gbẹ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Omidan Kerivel ni orúkọ aṣàyẹ̀wò náà, ọmọ ilẹ̀ Bretagne, tí kò tí ì pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ó rin gbogbo ọgbà, ó bu ilẹ̀, ó já ewé, inú rẹ̀ dùn. Ó wá jókòó ní ìdáná láti kọ̀wé.

“Ọ̀gbẹ́ni Lahitau, ẹ jọ̀ọ́, káàdì ìdánimọ̀ yín.”

Bàbá gbé e fún un.

“Escoubès ló wà níbí.”

“Èmi náà nìyẹn.”

“Ìwé ilẹ̀ sì sọ pé Peyrounat ló ni ilẹ̀.”

“Ìyá ìyàwó mi nìyẹn. Àwọn ló jókòó nídìí iná yẹn.”

“Ẹ kú ìjókòó, Ìyá Peyrounat.”

Ìyá Zélie kò wojú rẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ló ń kí.

Graciette ní, “Lahitau lẹ máa pè wọ́n, Àǹtí. Inú ìwé nìkan ni Peyrounat wà.”

Omidan Kerivel gbé bírò sílẹ̀. “Ènìyàn mẹ́ta ni mo rí nínú ìwé, ẹyọ kan ló dúró níwájú mi. Ìgò méjì ló wà lórí tábìlì, wọn ò jẹ́ orúkọ kan náà. Bàbá, ẹ ṣàánú mi.”

Kò bínú. Ó ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè yé wa. Ọdún mẹ́ta náà ti Firmin Lahitau ni, òfin kò sì mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó ni ilẹ̀ bá lọ sọ níwájú Méyọ̀, olórí ìlú, pé ọkùnrin yìí àti ọkùnrin inú ìwé jẹ́ ẹnì kan náà, àti pé òun ló fi ilẹ̀ lé e lọ́wọ́, ọdún mẹ́ta náà dúró. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ ìwé ẹ̀rí yóò jókòó. Bí ìwé náà kò bá dé kí ọjọ́ náà tó pé, a ó bẹ̀rẹ̀ láti òní, ọdún mẹ́ta mìíràn.

A kò lè ṣe ọdún mẹ́ta mìíràn. Gbogbo wa tó wà ní ìdáná ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé kankan kò sí láàárín Ìyá Zélie àti Bàbá. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ń ro ilẹ̀ náà lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìyá Zélie jẹ́ ẹni ọdún márùnlélọ́gọ́rin, etí wọn mú, wọ́n sì ti gbọ́ ohun gbogbo. Ọjọ́ Ẹtì kọjá, wọn kò dìde lọ sọ́dọ̀ Méyọ̀. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Graciette kúnlẹ̀ níwájú wọn. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ.”

“Ṣé òun kò ní ẹnu ni?”

Bàbá ní ẹnu. Ẹni tó ti bi olùkọ́, tó ti bi àlùfáà, tó ti bi gbogbo ará Arribès léèrè ọ̀rọ̀, kò rí èyí béèrè. Ọjọ́ Àìkú kọjá. Wọ́n lọ sí ọgbà lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n ri aṣọ ìnujú sómi, wọ́n sì gbàgbé láti wo aago.

Ní Ọjọ́ Ajé, ní ọ̀sán, a jókòó sídìí ọbẹ̀. Bàbá fi ṣíbí wọn sílẹ̀.

“Màmá, mo fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan.”

“Òmíràn?”

“Ta ni mo jẹ́ nínú ilé yìí?”

Ìyá Zélie nu ẹnu wọn. Wọ́n wo Bàbá bí ẹni tó tún ń ka àgùntàn.

“Gbé ọtí rẹ yẹn wá.”

Maylis sáré lọ gbé ìgò Escoubès. Ìyá Zélie gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n jẹ́ kí ó dúró lẹ́nu, wọ́n gbé e mì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún 1968.

“Ó kan.”

“Kò kan o, Màmá. Kò ní ṣúgà ni.”

“Mo ní ó kan.” Wọ́n mu ìyókù. “Ṣùgbọ́n ilé wa ló ti kan. Maylis, mú kóòtù mi wá.”

Ní gbọ̀ngàn ìlú, Méyọ̀ gbé àga fún wọn. Ó bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n ti mọ ọkùnrin náà. Wọ́n ní, “Láti ọdún 1953. Àgùntàn rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ wọlé.” Méyọ̀ bi wọ́n pé orúkọ wo ni kí òun kọ.

“Kọ Lahitau. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, kọ èyí tí ìyá rẹ̀ bí i mọ́.”

Méyọ̀ kọ méjèèjì. Ó fi bírò lé Ìyá Zélie lọ́wọ́ láti buwọ́ lù ú, Ìyá Zélie sì fi ara balẹ̀ kọ Lahitau gàdàgbà sísàlẹ̀ ìwé. Méyọ̀ di orí mú. “Ìyá, ẹ má bínú, Peyrounat lẹ máa kọ.” Ó fa ìwé náà ya, ó tẹ òmíràn. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń pe lẹ́tà orúkọ náà fún wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ìwé ẹ̀rí dé ní oṣù kejì ọdún 1990. Láti ìkórè ọdún náà, orúkọ méjèèjì ló wà lára gbogbo ìgò wa, aládídùn àti aláìníṣúgà. Nílé, Ìyá Zélie kò ṣíwọ́ pípe Bàbá ní Àtọ̀húnrìnwá, Bàbá kò sì ṣíwọ́ dídáhùn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Zélie a máa bu ife Escoubès kan sídìí ẹja wọn. Wọ́n ní oògùn ni. Wọ́n fi ayé sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 1993.

Òru ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin ọdún 1991 ni ìrì dídì pa gbogbo ọ̀mùnú. Àgbá méjì péré ló kún lọ́dún náà. Bàbá, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, lọ gé igi nínú igbó fún oṣù márùn-ún, Graciette sì fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn kan pẹ̀lú ọwọ́ wíwọ́ náà. A kò fín oògùn.

Olóògbé jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni wọ́n fi gbé ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọkùnrin Arribès. Wọ́n jẹ́ panápaná olùyọ̀ǹda-ara-ẹni láti ọdún 1966 títí di ọdún 1993. Wọ́n kọ́ ọmọ ilé mọ́kàndínlógún bí a ti ń rẹ́wọ́ àjàrà, wọn kò gba nǹkan kan, àfi pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ béèrè ìbéèrè mẹ́ta kí ó tó lọ sílé. Àlùfáà mẹ́ta ló sìn ní Arribès ní ayé wọn. Bàbá bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bóyá omi tí Jésù sọ di wáìnì ní Kánà dùn, tàbí kò ní ṣúgà. Méjì ní ó dùn. Ẹ̀kẹta ní òun yóò wádìí. Òun ni wọ́n fẹ́ràn jù.

Nígbà tí Maylis fẹ́ Bastien ní ọdún 1992, Bàbá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó gbé àpótí wọlé. Wọ́n bi í pé, “Orúkọ wo lo fẹ́ kí a máa pè ọ́ níbí?” Bastien ní ohun tí wọ́n bá fẹ́. Bàbá ní, “Rárá. Rò ó dáadáa. Màá dúró.” Wọ́n sì dúró. Orúkọ tí a bí i mọ́ ló yàn: Bastien Minjou ni a ń pè é títí di òní. Òun àti Maylis ló ń darí ọgbà láti ọdún 2004.

Graciette, aya wọn ọ̀wọ́n, sùn ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá ọdún 2017, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gọ́ta ìgbéyàwó.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, nígbà tí èémí Bàbá kúrú, Régis bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ibojì. Òkúta ibojì ilé wa kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára. LAHITAU nìkan ló wà níbẹ̀. A ti bá agbẹ́kùúta sọ̀rọ̀ láti fi Escoubès kún un nísàlẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá wọn dúró. Wọ́n ní, “Ìyá Zélie wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má dá ìjà tuntun sílẹ̀.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2024, ni wọ́n fi ayé sílẹ̀ nínú yàrá wọn, ní ẹni ọdún márùnlélọ́gọ́rin, lẹ́yìn tí wọ́n ti bèèrè ìlà tí a rẹ́wọ́ rẹ̀ dé.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni: ọmọ wọn Maylis àti ọkọ rẹ̀ Bastien Minjou, ọmọ wọn Régis àti aya rẹ̀ Sandrine, àwọn ọmọ-ọmọ, Aurélien, Clémence, Titouan àti Perrine, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, Anselme, tí a fi aáyù àti wáìnì ra ètè rẹ̀ ní oṣù kẹwàá tó kọjá, àbúrò wọn obìnrin, Honorine, ní Aulère, àwọn ọmọ Ambroise, tí agbo wọn wà nínú ọgbà wa bí a ti ń kọ ìwé yìí, àti ọ̀pọ̀ àna, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò.

A fi òkúta sílẹ̀ bí wọ́n ti wí. Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin ará Aspe pé, bí ẹ bá dé ibojì tí ẹ kò rí Escoubès, ẹ má ṣe rò pé ẹ ṣìnà. Ẹ fi ohùn òkè yín pe orúkọ náà. Kí àwọn ará Arribès pe Lahitau lẹ́yìn yín. Ìyá Zélie yóò gbọ́, kò sì sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́.

Firmin Escoubès, Firmin Lahitau, ọmọ Noélie, ọkọ Graciette, ilé ti gbà yín wọlé. Kí ilẹ̀ tí ẹ kò fi májèlé kàn rọ̀ fún yín. Kí Ẹni tó mọ ìdí ohun gbogbo jókòó tì yín, kí ó dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ sùn ire o, Bàbá.